Herbert Kọ̀, Kò Mira

Àìkú, 27 Méè 1984

114. Àná, 114. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 114. Herbert kò mira.

Herbert ni òṣùwọ̀n mi. Orúkọ dókítà tó la inú mi ní London ni mo fi sọ ọ́, torí bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe máa ń wò mí, láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi irin wẹ́wẹ́, bí èyí tí akọ̀wé fi ń kan ìwé mọ́ra, kan ṣàkì inú mi pa, ó wá kéré bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́. Kílò 151 ni mo gbé lọ. Ó ń já, ó ń já, mo ń dúpẹ́. Ó dé 114, ó jókòó. Oṣù kan àbọ̀ rèé.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀. Ó dáa. Ẹ̀wà, ṣíbí mẹ́ta. Ẹyin, ìdajì. Ògì tí mo mu láàárọ̀, mi ò kọ ọ́. Mímu ni, kì í ṣe jíjẹ. Ẹni tó jẹ báyìí tí kò rù, kí ló tún kù kó jẹ – afẹ́fẹ́?

Ajé, 28 Méè

Kí n kọ ìdí tí mo fi gbà kí wọ́n là mí, torí ìbínú lè jẹ́ kí n gbàgbé. Orí àga ni mo ti ń kírun láti bí ọdún mẹ́fà. Ikùn kì í jẹ́ kí n forí kanlẹ̀. Gbogbo obìnrin á wólẹ̀ fún Ọlọ́run, èmi á jókòó bí adájọ́ kóòtù. Mo ti búra: ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, ní Yídì, iwájú orí mi á kan ilẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá lónìí, mo gbìyànjú ẹ̀. Ó kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Lórí ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni Herbert jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 31 Méè

Wọ́n ní ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ìgbálẹ̀ ni yóò máa dáná sààrì àti ìṣínu fún gbogbo ilé. Ìyálé ló ni ìkòkò oṣù Ràmàdáánì nílé yìí, mo bá a bẹ́ẹ̀.

Ìgbálẹ̀ ni Ìyá Mọ́nsúrù, ìyálé mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí ó gbẹ, kò sì sí kọ̀rọ̀ ilé tí kì í dé. Ogún ọdún ló ti ń pè mí ní "ìyàwó" bí ẹni pé àwọn òbí mi ò sọ mí lórúkọ. Nígbà tí mo sanra, ó máa ń sọ ọ́ sí mi létí ní mọ́ṣáláṣí pé mo gba àyè ẹni méjì lórí ẹní. Ní báyìí tí mo rù, ó ń wò mí ṣàà. Láti nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, ó ń gbé ife ògì kan wá fún mi láràárọ̀. Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe: ẹ wo obìnrin tí àmàlà kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́.

Kò mọ̀ pé wọ́n là mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní Kemta, àdúgbò wa, àfi Alhaji ọkọ wa. Òun ló ní kí n sọ pé àbúrò mi tó bímọ ní London ni mo lọ bá gbọ́mọ. Ó ní kí ayé má baà gbọ́ pé ìyàwó Alhaji Láwàlì lọ sanwó fún òyìnbó kó dín ikùn òun kù, níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi sínú tiwọn.

Ẹtì, 1 Júùnù

Mo gbààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní mi ò gbọ́dọ̀ gbà á. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló máa jíhìn fún mi lọ́run.

Ìṣínu: mọ́ínmọ́ín, ṣíbí kan. Mo bì í. Ògì, ife kan, ó dúró. Mi ò ní sọ ọ́ fún un láéláé, ṣùgbọ́n ògì Ìgbálẹ̀ dùn. Ó kúnná, ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ó ní àgbàdo Ìtòrí ni, pé òun ò kánjú rẹ ẹ́. Àgbàdo Ìtòrí náà ni ìyá mi lò títí ó fi kú, tiẹ̀ ò dùn báyìí.

Ìṣẹ́gun, 5 Júùnù

114 àti díẹ̀. Mo ń gbààwẹ̀, mo ń wúwo sí i. Mo ta Herbert nípàá. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wú, kò sí ohun tó ṣe Herbert.

Ọjọ́bọ̀, 7 Júùnù

Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi, n'Ítòkú. Oníbàárà mi kan ra aṣọ, kò ná an rárá, ó kàn ń wò mí. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run á tú àṣírí ẹni tó ń lépa yín." Ta ló sọ fún un pé ẹnì kan ń lépa mi? Ẹni tó ń lépa mi ò ju Herbert lọ.

Àbámẹ́ta, 9 Júùnù

Mo mọ̀ ọ́n wàyí.

Mo kó bùbá mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ Sìstá Harriet, aránṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, kó bá mi dín wọn kù. Ó wọn àyà mi, ó wọn ìbàdí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, Sàfúrátù, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Mo ní ta lọmọ. Ó ní èmi ni. Pé gbogbo Kemta ló mọ̀ pé ìyálé mi ló ń jẹ mí díẹ̀díẹ̀. Pé àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí kì í fọwọ́ kan bútà tó bá fi ṣe àlùwàlá mọ́. Pé bó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn ìyá á pe ọmọ wọn wálé.

Mo lè ṣí bùbá níbẹ̀ kí n fi ojú àpá hàn án, kí ọ̀rọ̀ tán. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kí Ọlọ́run ṣàánú." Mo sì rẹ́rìn-ín dé ilé. Ogún ọdún "ìyàwó, ìyàwó". Kó lọ jẹ tiẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 Júùnù

115.

Ẹtì, 15 Júùnù

Ìgbálẹ̀ lọ sí Ọ̀fàdà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ilé fẹ́rẹ̀. Títílọlá, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló ń dáná. Ògì ọmọ náà ò dùn. Omi lásán. Mo ní ṣé kò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń po ó ni. Ó ní bí òun ṣe ń bá a po ó nìyẹn, àfi ife tèmi tí ìyá òun máa ń dá pò fúnra rẹ̀.

Mi ò tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé. Alẹ́ ni ó tó yé mi: kí ló ń fi sí tèmi?

Ọjọ́rú, 20 Júùnù

112!

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún. 112. Herbert mira. Kí ni mo ṣe tí mi ò ṣe tẹ́lẹ̀? Mi ò ṣe nǹkan kan. Ògì Ìgbálẹ̀ nìkan ni mi ò mu.

Mo wọ kọ̀rọ̀ tó ti máa ń dáná. Lẹ́yìn ìkòkò omi, ìgò kan, ó fi ewé dí i lẹ́nu. Nǹkan funfun rúbùrúbù kan ló wà nínú ẹ̀, ó kúnná, ó ń yọ òróró. Sìstá Harriet kò parọ́. Obìnrin yìí ń fún mi ní nǹkan jẹ lóòótọ́. Mo gbé ìgò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kó dé o.

Ẹtì, 22 Júùnù

Ó dé. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí mo fi gbé ìgò síwájú ẹ̀. Mo ní kí lẹ fi ń pa mí. Ó wo ìgò, ó wò mí, ó jókòó lórí àpótí. Ó ní, "Òfio ni. Òfio àti ẹ̀pà. Mo lọ̀ wọ́n pọ̀, mo fi ṣúgà sí i." Mo ní irọ́ ni. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó lá a lójú mi. Ọ̀sán ààwẹ̀ ni o. Ó ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí n lè gbà á gbọ́.

Ó ní, "Ṣúgà yẹn, mo tò sórí ìlà fún un ní ṣọ́ọ̀bù ìjọba. Mo sún díẹ̀ síwájú, ṣọ́jà ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní mò ń jẹ ọ́, ìyàwó. Wọn kì í gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ní bí o bá lè sanra padà, wọ́n á fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Inú bí mi. Ẹran tí mo kó owó ṣọ́ọ̀bù mi kejì lé lórí kí wọ́n tó lè yọ ọ́ kúrò lára mi, ṣíbí-ṣíbí ni obìnrin yìí ń dá a padà. Mo fẹ́ gbá a létí. Aṣọ ni mo gbé sókè dípò. Ojú àpá náà, láti abẹ́ àyà dé ìdodo. Mo ní, "Ẹ wò ó! Òyìnbó ló gé mi. Èmi ni mo ní kó gé mi."

Ó wò ó pẹ́. Ó ní ìgbà wo. Mo ní láti Ọ̀kítóbà.

Ó ní, "O sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí?"

Ó gbé ìgò, ó dà á fún àwọn adìẹ, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bà á jẹ́.

Àbámẹ́ta, 23 Júùnù

Títílọlá ló gbé ògì wá. Omi lásán.

Àìkú, 24 Júùnù

Mo ti sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Sìstá Harriet gbé bùbá wá. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ àti àwọn obìnrin àdúgbò méjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ìgbálẹ̀ gbé bútà kọjá. Sìstá Harriet fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà kàn án. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ pòṣé. Harriet wá fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, òrìṣà á gbà ọ́" – ẹni tó máa ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe nítorí Ìgbálẹ̀ ni mo ṣe é. Kí n kọ ìyẹn dáadáa. "Pẹ̀lẹ́" yẹn ló dùn mí. Wọ́n ń wò mí bí ẹran tí arúgbó kan lè dá jẹ. Mo dìde, mo gbé bùbá sókè níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ mí. Owó mi ni mo san kí wọ́n gé mi. Ẹ wo ojú abẹ. Àjẹ́ wo ló ń fi òwú rán ẹran tó bá jẹ tán?"

Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bútà lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó yípadà, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Alhaji gbọ́ kó tó ṣínu. Ó ní mo ti dójú ti òun ní Kemta. Mo ní kó lọ jókòó ti Sìstá Harriet kí wọ́n jọ máa tijú.

Ọjọ́rú, 27 Júùnù

110. Àwọn obìnrin ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ikùn mi. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ béèrè pé èló ni wọ́n ń gé e.

Ìgbálẹ̀ ò kí mi. Mo dá a láre ní gbangba, kò sọ pé o ṣeun. Kí ló tún fẹ́? Kí n dọ̀bálẹ̀? Ikùn ò tíì gbà mí láyè.

Ẹtì, 29 Júùnù

Wọ́n rí oṣù.

Àbámẹ́ta, 30 Júùnù

Mi ò gun Herbert lónìí.

A lọ sí Yídì. Mi ò gbé àga. Títílọlá ní kí òun bá mi gbé e dání, bóyá. Mo ní kó fi í sílé. Ìgbálẹ̀ ti tẹ́ ẹní síbi tí a máa ń wà lọ́dọọdún, èmi sì dúró lápá ọ̀tún rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín wa. Ibi tí ara mi máa ń kún tẹ́lẹ̀ ni. Ọmọdé kan lè dúró sí i.

Wọ́n kéde pé ká sún mọ́ra, ká má fi àyè sílẹ̀ fún ṣàítánì. Ó ń wo iwájú, kò sún. Mo ní èmi náà ò ní sún. Wọ́n tún kéde ẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa, ọ̀kan nínú àwọn tí kì í gba bútà lọ́wọ́ rẹ̀, ń wo àyè náà. Mo rí ojú tó fi ń wò ó.

Èmi ni mo sún.

Ìgbà tí a forí kanlẹ̀, iwájú orí mi kan ẹní. Ó kàn án pátápátá, mo gbóòórùn koríko abẹ́ rẹ̀. Mo sunkún síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn láti bẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. A dìde, a tún to ẹsẹ̀. Ìgbálẹ̀ ò kúrò, kò sì wojú mi. Egungun èjìká rẹ̀ ń gún mi títí lèmọ́ọ̀mù fi sálámà.