Yọ Orúkọ Ìyá Mi Kúrò Lọ́dọ̀ Sàtánì

Ìpàpó.

Dúrójayé, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Uwani, ní Enugu tí o wà yẹn. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, òrùlé ilé ìdáná sì tún ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti fi ìyá mi sínú ẹgbẹ́ Sàtánì.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ dé orí fóònù mi, Títílọpẹ́ ọmọ ilé kejì ló kà á fún mi, torí Yorùbá nìkan ni mo lè kà. Ó ní o fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀sìn àwọn àgbà wa àti ti àwọn ẹlẹ́sìn Sàtánì òde òní. A kọ orúkọ ìyá mi, Súnmọ́lá, ó wá ní kí n yan ọ̀kan: Kristẹni, Mùsùlùmí, abọ̀rìṣà, ẹlẹ́sìn Sàtánì. Ibẹ̀ ni ìyá Títílọpẹ́ ti pè é, ó sì sáré lọ jẹ́ ẹ. Èmi náà rántí bí a ti ń ṣe níbi ìdìbò, mo fi tàdáwà inú bírò kun àtàǹpàkò, mo sì tẹ̀ka dáadáa sójú fóònù. Títílọpẹ́ padà dé, ó ní orí Sàtánì ni mo tẹ̀, fọ́ọ̀mù náà sì ti lọ sí Enugu.

Láti ọjọ́ náà mo ti pa fóònù, mo gbé Bíbélì lé e lórí nínú àpótí, kó má baà mú ẹlòmíì nínú ẹbí. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí kò lọ.

O sọ fún mi nígbà ọdún Àjíǹde pé òyìnbó Amẹ́ríkà kan ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbà pé Sàtánì wà, wọ́n kàn ń fi orúkọ rẹ̀ sọ pé kálukú ló ni ara rẹ̀. Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ẹni tí o kò gbà pé ó wà, kí ni o ń bá a ṣe ẹgbẹ́ sí? Ìyá mi gbà pé Òrìṣà Oko wà, kì í fẹnu kan iṣu tuntun kó tó fún un, kì í sì í purọ́ nítorí rẹ̀. Ìgbà tí àwọn oníwàásù dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ Sàtánì, ó sì bi wọ́n pé ọmọ ta ni. Pásítọ̀ wa ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ kò mọ ìyá mi. Gbogbo agboolé ló ń bá a jẹ iṣu yẹn. Àwọn tí kálukú wọn ló ni ara rẹ̀, ta ló ń bá wọn jẹun? Àkànní, ìwọ nìkan lo wà ní ìlú onílùú. Ṣé ìwọ náà kò ti bá wọn tẹ̀ka?

Ṣéhù tó ń rán bàtà ní Awkunanaw lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Fi owó díẹ̀ rán an padà, kí n fi tún òrùlé ṣe, kí n sì ra fóònù mìíràn tí kò mọ Sàtánì.

Ilẹ̀ Enugu yóò gbà ọ́. Wàá jáde ire, wàá wọlé ire, o ò ní dá oúnjẹ jẹ.

Mo ti tẹ àtàǹpàkò mi sí ìsàlẹ̀ yìí. Mú un lọ bá ọ̀gá yín ní ilé-ẹ̀kọ́, kó fi wé ti orí fọ́ọ̀mù, kó lè rí i pé èmi ni, kì í ṣe ìyá mi. Bó bá ní àyè ẹlẹ́sìn Sàtánì náà kò gbọdọ̀ ṣófo, kó kọ orúkọ tèmi síbẹ̀.

Ìyá rẹ,
Adékẹ́mi