Ẹ Má Sun Ègé Mẹ́tàdínlógójì Tí A Gé Kúrò Lára "Ọjọ́ Kẹfà"

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Oko-Ńlá,
Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àfihàn Fíìmù Kúkúrú,
Gbọ̀ngàn Ìrẹ̀pọ̀,
Ore,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Alága,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÈGÉ FÍÌMÙ MẸ́TÀDÍNLÓGÓJÌ TÍ ÌGBÌMỌ̀ YÍN FẸ́ DÁNÁ SUN NÍ ỌJỌ́ KẸRÌNLÉLÓGÚN OṢÙ YÌÍ

1. Orúkọ mi ni Olúyẹ́misí Bándélé. Èmi ni mo ṣe fíìmù oníṣẹ́jú mọ́kànlá tí à ń pè ní "Ọjọ́ Kẹfà", tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kẹta oṣù Bélú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó mi lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti padà wá sílé, lọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá mi ní Odigbo. Mo lè kọ lẹ́tà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ì bá sì yá mi lọ́wọ́ ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi, Màmá Ọládùnní Bándélé, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, kò sì yẹ kí n kọ ohun tó kàn án ní èdè tí kò gbọ́. Gbogbo ìpínrọ̀ tó wà níhìn-ín ni mo ti kà sí i létí. Ó dá mẹ́ta padà pé kí n tún un kọ.

2. Ìwé ìpè yín sọ pé ẹ ń gba "fíìmù kúkúrú láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán tó ń dán ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe wò". Irú rẹ̀ gan-an ni mo gbé wá. Kò ní ìtàn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé èyí nítorí mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ bèèrè pé, "Ákítọ̀ inú rẹ̀ dà? Ṣé wọ́n pa á níkẹyìn ni?" Kò sí ákítọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni bàbá àgbà mi, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ oko rẹ̀ ni.

3. Bí a ṣe ṣe fíìmù náà nìyí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, mo fi kámẹ́rà àtijọ́ ya Bàbá Victor Bándélé nínú oko kòkó rẹ̀ tó wà lọ́nà Araromi-Obu: bó ṣe ń ká kòkó, bó ṣe ń fọ́ ọ, bó ṣe ń rìn bọ̀ wálé. Fíìmù tí kámẹ́rà yẹn ń lò ni irú èyí tí àwọn ayàwòrán ayé ọjọ́un máa ń nà sójú oòrùn wò. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, tí àwòrán ti jáde lára rẹ̀, a tẹ́ ẹ sáàárín kòkó tútù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá fọ́ kòkó tán, a ó kó èso rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà kí ó lè gbóná, kí omi rẹ̀ sì ro dànù, kí a tó sá a. Ooru àti omi yẹn ni mo fẹ́ kí ó ya àwòrán tirẹ̀ lé orí tèmi. Ó sì yà á. Ó jẹ àwọ̀ kan, ó dá òmíràn sí, ó fi àmì roboto-roboto sílẹ̀ káàkiri. Èmi kọ́ ni mo tẹ́ fíìmù náà. Màmá ni. Ó bi mí pé apá ibo lára rẹ̀ ni ọkọ òun wà. Mo fi hàn án, ó sì kó ìyẹn sáàárín gbùngbùn òkìtì kòkó náà, níbi tí ooru ti mú jù, ó ní, "Àárín ni kòkó ti ń dára jù." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ó tó. Tú u."

4. Bàbá Victor kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí. Fọ́tò mẹ́ta péré ni a ní tirẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Kò sí ibòmíràn láyé tí a ti lè rí i kó máa rìn, àfi nínú fíìmù yìí. Ojú Màmá kò ríran jìnnà mọ́, nítorí náà kò wò ó rí nígbà tí mo bá fi ẹ̀rọ tàn án sára ògiri. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló jókòó sí, ó na fíìmù náà sí ìmọ́lẹ̀, ó ń fà á gba àárín ìka rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró. Ó ní, "Òun nìyí. Ó gbé adá kọ́ èjìká òsì." Mo ti fi odidi oṣù kan wo ibẹ̀ yẹn, mo rò pé òjìji igi ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá.

5. Mo ní ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ fi pamọ́. N kò tíì ṣe ẹ̀dà fíìmù náà nígbà tí mo gbé e wá. Èkó ni ẹ̀rọ tó ń ṣe é wà, mo sì ti pinnu láti lọ nínú oṣù yìí. Lẹ́yìn náà, níbi tí fọ́ọ̀mù yín ti bèèrè ohun èlò tí a lò, "Kòkó" nìkan ni mo kọ síbẹ̀, n kò ṣàlàyé. Èyí tó burú jù ni pé àkísà àpò kòkó ni mo fi wé páànù tí fíìmù wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó rẹwà lójú mi.

6. Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Elisha Rufus, olùyẹ̀wò ìgbìmọ̀ yín, ni páànù náà bọ́ sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi yẹ kòkó wò fún ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. N kò fẹ̀sùn ìwà ibi kàn wọ́n. Kò sí àgbẹ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Odigbo tí kò sọ pé wọn kò gba rìbá rí. Ohun tí wọ́n ṣe ni wọ́n kọ sínú ìjábọ̀ wọn ti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Bélú, n kò sì fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ṣí páànù, òórùn kòkó kọlu imú wọn, wọ́n ní kò gbẹ dáadáa. Wọ́n sá a sórí kọnkéré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fún ọjọ́ méjì. Wọ́n wá wo ibi gbogbo tó jọ pé ó ti bu, wọ́n fi abẹ gé e kúrò, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ègé kọ̀ọ̀kan láti orí oókan dé mẹ́tàdínlógójì, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti gé e sínú ìwé ńlá kan, wọ́n kó wọn sínú àpòòwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n fi sẹ́lótéépù so ìyókù pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìjábọ̀ wọ́n kọ ọ́ pé: "Gírédì kejì. Ó ṣeé fi hàn lẹ́yìn tí a ti ṣà á." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí ó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń yẹ kòkó wò ni wọ́n ṣe yẹ fíìmù mi wò.

7. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti di méje. Apá ibi tí Màmá kó sáàárín òkìtì ni àmì pọ̀ sí jù, apá ibẹ̀ náà sì ni abẹ bà. Ohun tó kù fi ojú ọ̀nà hàn, ó fi apẹ̀rẹ̀ hàn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn. Oko wà níbẹ̀. Olóko kò sí.

8. Ní ọjọ́ kejì tí ìjábọ̀ náà àti ìyókù fíìmù tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gun ọ̀kadà wá sí Ore. Arábìnrin Ìdáyátù, akọ̀wé yín, gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì fi àpòòwé náà hàn mí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè fà á lé mi lọ́wọ́. Òfin kẹsàn-án ìgbìmọ̀ yín sọ pé ohunkóhun tí a bá yọ nítorí àbùkù, kí a dáná sun ún lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n bá mi pe Ọ̀gbẹ́ni Elisha lórí fóònù. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, kòkó tí a bá dá padà tí a kò sun, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi kó o padà sínú àpò." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe kòkó." Wọ́n ní, "Mo ti wá mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ òfin yẹn, n kò lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú u. Alága nìkan ló lè dá a dúró. Kọ̀wé sí wọn." Ohun tí mo ń ṣe nìyí.

9. Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. Ó ní ní ọdún 1988, Elisha kan náà dá àpò kòkó mẹ́ta padà fún òun àti Bàbá, ó sì sun ún lójú àwọn, àwọn kò sì bá a jà nítorí pé kòkó náà bu lóòótọ́. "Ó jàre nígbà yẹn," ni ó wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, kò jàre. Kòkó tí mo fúnra mi tú, ta ló ní kò tó?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, ó bi mí pé nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sára ọkọ òun.

10. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ sí ìwé kí ọjọ́ kẹrìnlélógún tó dé, pé kí a má ṣe sun àpòòwé náà, kí a sì fà á lé Màmá lọ́wọ́ láìṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda Ọ̀gbẹ́ni Elisha kí wọ́n mú ìwé ńlá tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti gé ègé kọ̀ọ̀kan sí wá sí Odigbo, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ka ìkọ̀wé wọn, kí a lè jọ to fíìmù náà padà. Ọjọ́ yòówù tí wọ́n bá mú, Màmá ní kí wọ́n má jẹun wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ni ìrántí ọdún kan Bàbá. A fẹ́ kí ó ti pé kí ọjọ́ náà tó dé. N kò bèèrè fún ẹ̀bùn, n kò sì ní kí ẹ dá gírédì náà padà. Bí ẹ bá fẹ́, kó máa jẹ́ gírédì kejì lọ.

11. Ibi tí mo fẹ́ parí rẹ̀ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, Màmá ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí n má sì tún un ṣe. Ó ní òun mọ̀ pé òfin ni òfin. Bí ó bá jẹ́ dandan pé kí nǹkan jó ní ọjọ́ náà, kí ẹ mú ìṣẹ́jú méje tó kù, tí Elisha ní ó dára, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì fún òun ní èyí tí ó sọ pé ó bàjẹ́.

12. Nítorí náà, mo ti kó ìṣẹ́jú méje náà sínú páànù rẹ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. N kò fi àpò kòkó wé e lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èsì,

Olúyẹ́misí Bándélé,
Ayàwòrán,
pẹ̀lú ìtẹ̀ka Màmá Ọládùnní Bándélé, àgbẹ̀ kòkó.