Ọkọ̀ Òfìfo Tí A Yà Ní Abereke

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo kàn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ìwé ìtàn apẹja tí mo máa ń kà sí yín létí lásìkò ìsinmi? Ẹ ó na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ẹ ó ní kí n tún ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dáná dè é kà, ẹ ó sì máa han-anrun kí n tó dé ìparí. Ẹ ò gbọ́ ìparí rẹ̀ rí. Ọkọ̀ apẹja náà nìkan ló padà wálé.

Ìtàn yẹn ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ fi ṣe sinimá kékeré. Tíṣà wa òyìnbó ló bá wa yá ẹ̀rọ. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: iná, àwọ̀n, omi, ọkọ̀, ó tán. Abereke, létíkun wa níbí, ni a ti yà á, ọkọ̀ yín la sì lò, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Mo fara pa mọ́ sínú omi, mo di ìdí ọkọ̀ mú, kó lè dà bí òfìfo.

A ò sọ fún ará etíkun ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rí ọkọ̀ tí kò lẹ́ni kì í béèrè nǹkan, igbe ló ń ké. Mo rò pé Ìyá wà ní Òde Mahin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan. Àṣé wọ́n ti dé. Wọ́n rí ọkọ̀ yín tó tún ń bọ̀ lófìfo, wọ́n sáré wọnú omi tìrótìró.

“Ọma mi o! Ọma mi!” Wọ́n rò pé omi ti gbé èmi ọmọ wọn náà lọ.

Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ kò dúró. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi wá fẹ́ràn jù. Tíṣà ní bí n kò bá fẹ́, àwọn ó gé e dànù. Ta ni kí n bi, Bàbá? Mo bi Ìyá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i ná.

A ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Ìyá wo sinimá náà lára rẹ̀, wọn ò sunkún. Nígbà tó parí, Tíṣà yí i padà sẹ́yìn: Ìyá ń fẹ̀yìn jáde nínú omi, ọkọ̀ ń fẹ̀yìn padà sójú òkun. Ìyá di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ má dá a dúró. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, títí tí bàbá rẹ á fi wà nínú rẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ibi tí a yà mọ nìyẹn; a ò ya ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀ náà. Kí ni kí n sọ fún wọn? Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá tún un wò lọ́la.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti ka ìwé náà dópin láìsí yín.