Ẹ̀gbà Ọwọ́ Rawdah

Hamidah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ìwọ àti ọkọ rẹ gbé ní Jẹ́dà. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ó ti ń dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Muaz àbúrò rẹ ti wa iṣu, ó sì tà dáadáa.

Ọmọ mi, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí. Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tí o fi sọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí Ọlọ́run gba Rawdah ọmọ rẹ ti dúdú. Nígbà tí o ní o ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, mo fẹ́ kí o bá a ní dídán. Bí mo ṣe ń fọ ìkòkò ni mo ṣe fọ̀ ọ́: eérú, yanrìn, kànhìnkànhìn. Ó dán lóòótọ́. Mo gbé e sójú oòrùn, mo wá àmì eyín Rawdah méjèèjì, ibi tó máa ń gé jẹ nígbà tó ń hu eyín. N kò rí i. Mo fi ìka wá a, kò sí mọ́.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Òmù-Àrán sọ pé omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀ ló yẹ kí n lò. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Jọ̀wọ́, foríjì mí. Ọlọ́run á fi ọmọ tí yóò dàgbà tù ọ́ nínú. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: fìlà òtútù Rawdah tí o mú dání lọ, má fọ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Jàrátù, ní Èsìẹ́