Tíṣà ní Ẹsẹ̀ Òpó

Sátidé, 5/10/2024
Iṣẹ́ dé! Àwọn kan ń ṣe ìwé nípa àwọn ilé àtijọ́ ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n fẹ́ fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan l'Oǹdó. Kí èèyàn kan dúró níbẹ̀, kí ó lè hàn bí ilé náà ṣe ga tó. Ta ni mo tún ń wá? Tíṣà — bàbá mi. Kì í ráhùn.

Mọ́ńdè, 7/10
Òjò. Mi ò kúrò l'Àkúrẹ́.

Wẹ́sìdeé, 9/10
Mo bá Tíṣà nílé, ó ti múra. Agbádá òfì tó dá nígbà tó fẹ̀yìn tì, fìlà, ó tún fá irùngbọ̀n. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ — mo ní ṣé ìyàwó la ń lọ fẹ́ ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó lọ dúró ní ẹsẹ̀ òpó. Kó sún sẹ́yìn. Kó tún sún. Ó béèrè bóyá ojú òun á hàn. Mo ní á hàn dáadáa. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn dára! Òpó gàgàrà, Tíṣà bí ẹyọ àgbàdo kan.

Fráídè, 18/10
Wọ́n gbà á! Mo pe Tíṣà. Ó ní kí n tẹ ọ̀kan fún òun, ńlá, kí n fi sí férémù. Mo ní tó bá yá.

Túsìdeé, 29/10
Tíṣà kú láàárọ̀ yìí.

Tọ́sìdeé, 31/10
Oyèbọ́lá, àbúrò mi tó ń tọ́jú rẹ̀, ní kí n mú fọ́tò ìsìnkú wá. Èwo? Ó ní Tíṣà ti sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé èmi Ẹniọlá ti ya fọ́tò ìsìnkú òun. Ìdí agbádá nìyẹn. Áà, bàbá mi.
Mo tú kọ̀ǹpútà. Tíṣà níwájú ààfin Àkúrẹ́, Tíṣà lẹ́bàá ilé ẹjọ́ àtijọ́, Tíṣà lẹ́nu géètì — mẹ́rìnlá, gbogbo wọn láti òkèèrè. Mo fẹ ojú rẹ̀ títí ó fi di àbàwọ́n. Kò símú, kò sẹ́nu. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi kámẹ́rà jẹun! "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún wò ó dáadáa," ni Oyèbọ́lá ń wí ṣáá. Ojú tì mí, mo sunkún.

Sátidé, 2/11
Pósítà ti jáde. Fọ́tò káàdì ìdìbò rẹ̀ ni wọ́n lò. Ẹni tó yà á kò mọ̀ ọ́n rí, èrò sì wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀.
Síbẹ̀, ó ní kí Tíṣà sún mọ́ òun.