Sàráà Tí A Ṣe fún Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Rẹ

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Khairiyyah ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó ṣe àdúà kankan, jẹ́ kí n sọ èyí ná, torí mo mọ ara mi: bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, ìkíni náà ni n óò máa kí títí ìwé yóò fi kún. Èmi ni mo gbé awò rẹ, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tí wọ́n fi ta ọ́ lọ́rẹ nílé ìwé. Kì í ṣe Abdulmujeeb. Kò sí olè kankan tó wọ ilé wa lọ́jọ́ náà. Èmi bàbá rẹ, tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe akọ̀wé kóòtù, tí mo ń kọ ẹjọ́ àwọn olè sílẹ̀ fún adájọ́, èmi ni.

Ó yá, mo lè kí ọ wàyí. Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé wọn kò dà ọ́ láàmú ní Yábàá níbẹ̀? Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ, kí Ó jẹ́ kí àwọn tí ò ń tọ́jú nínú ìgò máa bí sí i, kí iná má ṣe kú mọ́ wọn lórí mọ́, àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kí ọ, ṣùgbọ́n òun kò kí èmi. Láti ìjẹta tí mo ti jẹ́wọ́ nínú ilé ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Bí oúnjẹ bá jinná, ògiri ló ń rán sí mi: á ní kí ògiri bá òun sọ fún akọ̀wé kóòtù pé ẹ̀bà rẹ̀ ti ń tutù.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù mi kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ tó ti bọ́ sínú omi àlùwàlá ni gbogbo ohun tí ẹni bá sọ nínú rẹ̀ ti ń jáde sí gbangba bí ìgbà tí ládàánì bá ń pe ìrun. Haneefah tó ń ṣe POS ní òun lè tẹ ibì kan lára rẹ̀ kó dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ní kó fi í sílẹ̀, torí ó dà bíi pé ẹ̀rù ló ṣì ń bà á, kò sì dáa kí a máa tẹ ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ohun tó fà á nìyí tí gbogbo agbo ilé fi gbọ́ nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tí o ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ ti kú. O ní wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dáhùn, àpótí tó ń mú wọn móoru di tútù, kò sì sí ọ̀kan tó yè nígbà tí o fi dé. Mo ní innà lilláhi. Mo wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, mo ní kí o má ṣe dá wà nílé, pé Taslimah ìyàwó Abdulmujeeb ti bí ọmọbìnrin, pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni a óò sọ ọ́ lórúkọ, kí o wá bá wa jókòó. O dá mi lóhùn pé o kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé tí olè ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Abdulmujeeb dúró sí. Mo ti sọ fún ọ pé fóònù mi kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Rùkáyátù Ìyá Ológì ti káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń ké pé ikú ọmọdé ò dáa. Má bínú sí i, ẹ̀bi mi ni. Nígbàkígbà tí wọ́n bá bi mí pé irú dókítà wo ni Khairiyyah tí kò lè kọ oògùn ibà fún ènìyàn, mo máa ń ṣàlàyé fún wọn gẹ́gẹ́ bí o ti ṣàlàyé fún mi: pé ẹ̀dá kéékèèké kan ni ò ń tọ́jú, tí ojú lásán kò rí, inú ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti wá, wọn kò sì lè padà síbẹ̀ mọ́. O ń fún wọn lóúnjẹ, o ń pààrọ̀ omi wọn, o kì í jẹ́ kí otútù mú wọn, o kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ sí wọn. Wọ́n máa ń ránṣẹ́ síra wọn, ìránṣẹ́ yẹn gan-an sì ni ẹ̀yin ń wádìí. Ta ló máa gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ilé ọmọ aláìlóbìí lò ń ṣe? Èmi náà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Má sì rò pé iṣẹ́ rẹ kò yé mi. Mo ti rò ó dáadáa. Ṣebí o ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní awọ tó yí i ká, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lára awọ náà tí wọ́n ń dá ìránṣẹ́ mọ̀. Bí ìránṣẹ́ bá ti kanlẹ̀kùn, ẹ̀ṣọ́ á sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn náà á sọ fún ẹlòmíràn, títí ọ̀rọ̀ á fi dé yàrá inú lọ́hùn-ún, gbogbo ilé á sì ṣe ohun tó yẹ. Ọmọ mi, ilé wa gan-an lò ń ṣàpèjúwe yẹn. Láìpẹ́ yìí ìyá rẹ da ẹja sínú epo gbígbóná lẹ́yìnkùlé, kò pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù fi imú fa afẹ́fẹ́, ó wo ìkejì, ìkejì wo ẹ̀kẹta, kí ẹja náà tó yí ẹ̀gbẹ́ padà, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì ti jókòó pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń fún yín lówó láti wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gbàgbé ìyá rẹ.

Lọ́jọ́ kejì a ṣe sàráà fún àwọn òkú rẹ. Abdulmujeeb ló ra ẹ̀wà, òun ló ra epo, òun ló sì gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, lẹ́yìn ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ lórí fóònù. Ìyá rẹ dín àkàrà. Ìyá Ológì gbé ògì wá. Àní Màmá Ethel Candido wọ aṣọ dúdú wá láti òpópónà kejì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi mí bóyá wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún èyíkéyìí nínú wọn. Ààfáà Wàsíù tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí n dá orúkọ àwọn òkú kí àwọn lè fi ṣàdúà. Mo ní ẹ kò sọ wọ́n lórúkọ, nọ́ńbà lẹ kọ sára ìgò wọn. Ààfáà mi orí, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé ìjọba nìyẹn. Wọ́n ní mélòó ni wọ́n. Mo ní mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi mu.

A ṣàdúà náà, a ṣe é kúnnákúnná. Ìgbà tí a ń jẹun ni Ààfáà gbé àkàrà dání tí wọ́n bèèrè pé ọmọ ta tilẹ̀ ni àwọn ọmọ náà, kí àwọn lè ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn sí ìdílé wọn. Ìdí tí mo fi pè ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹnu iṣẹ́ ni mo bá ọ. O kàn ní inú kíndìnrín ọ̀bọ kan ni wọ́n ti wá, ọ̀bọ tó ti kú kí wọ́n tó bí ọ, pé o ń bọ̀, o sì gé fóònù. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ààfáà Wàsíù wo àkàrà ọwọ́ wọn, wọ́n wo èyí tó kù nínú agbada, wọ́n jẹ ti ọwọ́ wọn tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní àdúà kì í ṣòfò, yóò wá ẹni tó nílò rẹ̀ kàn. Màmá Ethel ní àwọn ti sunkún fún ọ̀bọ, bí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni n óò wá rojọ́. Ìyá Ológì ní ṣebí òun ti wí, ìgbà tí ọmọ yìí ti ń ti dígí kiri ojú ògì òun lòun ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa yóò já sí ọ̀bọ. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, ẹ̀dá Ọlọ́run ni ọ̀bọ, ohun tó sì pa àwọn tirẹ̀ náà ni ó ń pa gbogbo wa: iná tí wọ́n mú lọ.

Ìgbà náà ni Abdulmujeeb, tó ń palẹ̀ àwo mọ́, sọ wẹ́rẹ́ pé kí wọ́n sáà bá òun bẹ Khairiyyah, kó má tún sọ pé òun Abdulmujeeb ló jí ọ̀bọ rẹ̀ gbé. Ẹ̀rín sọ. Màmá Ethel pàápàá rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

O ti rántí. Nígbà yẹn tí o wà lọ́mọdé, o ń gbé ohun gbogbo sábẹ́ awò náà, ata, itọ́ ìyá rẹ, apá eṣinṣin, títí ọjọ́ tí o fi gbé ògì Rùkáyátù sábẹ́ rẹ̀, tí o wá ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá wo nǹkan alààyè tó ń bímọ nínú rẹ̀. Wọ́n sá lọ ra ògì ní Adéníji Adélé. Rùkáyátù dúró sí ojúde wa, ó búra pé dígí yẹn ni yóò kúrò nínú ilé tàbí òun. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi ni pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe gbé e. Irọ́ ni. Ọjọ́ tó ṣáájú, o kán omi àlùwàlá mi sábẹ́ rẹ̀ lójú àlejò, o ní kí n wò ó. Mo wò, n kò rí nǹkan kan. O tún un ṣe, o ní kí n fi sùúrù wò. N kò tún rí nǹkan kan. Àlejò wò, ó rí i. Èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé, tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ mi ni gbogbo àdúgbò ti ń kọ lẹ́tà, ojú tì mí pé ọmọ tí mo bí rí ohun tí èmi kò rí.

Nítorí náà, nígbà tí o lọ sí ilé kéú, mo gbé e. Mo fẹ́ kí ara rẹ balẹ̀ díẹ̀ ni, kí n tó dá a padà. Ṣùgbọ́n o dé, o wá a, o kò rí i, Abdulmujeeb nìkan ló sì wà nílé. O pè é ní olè. Mo wà níbẹ̀, mo la ẹnu, ẹnu mi kò mú nǹkan jáde. Bí ó ti di ọjọ́ kejì, ìjẹ́wọ́ wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Abdul Dígí. Ìdílé ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ wá bèèrè ìwà rẹ̀, wọ́n gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò tilẹ̀ wọlé mu omi. Èmi ni mo sìn wọ́n dé Adéníji Adélé, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹja ti ṣe wọ́n lọ́jà. Ọmọ àbúrò mi ni o, tí bàbá rẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú.

Inú àpótí tí mo kó aṣọ ìsìnkú mi sí ni mo gbé e pamọ́ sí, èyí tí mo fọ̀ ní omi Zamzam bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣí i níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè. N kò rò ó dé ibi tó kù: pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i láti wọ aṣọ fún mi, ẹrù olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá.

Lọ́jọ́ Àtàláátà mo pe Abdulmujeeb sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Ó rò pé owó ni mo fẹ́ tọrọ, ó ti ń ṣàlàyé pé ọjà aṣọ kò yá ní Balógun lọ́sẹ̀ yìí. Mo sọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, eékún mi kò sì jẹ́ kí n lè dìde mọ́, òun náà ló tún gbé mi dìde. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣí àpótí kí òun rí ohun tí òun jí, torí òun kò tíì fojú kàn án nítòsí rí. Ó gbé e sórí itan, ó bi mí pé ibo ni wọ́n ń fojú sí. N kò mọ̀. Ó wá ibẹ̀ títí, ó fi ìka ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. N kò bi í ohun tó rí.

Mo ní kí n fi rán awakọ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun ni wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé ó gbé e lọ, kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbé e padà.

Ìyá rẹ fi sobo inú kẹ́ẹ̀gì rán an fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tí o bá rí gbà, torí o sọ lọ́jọ́ kan pé omi pupa ni wọ́n ń mu. Kò fi atalẹ̀ sí i, nítorí ọmọdé ni wọ́n. Jọ̀wọ́, fi owó ẹ̀wà àti epo sàráà ránṣẹ́ sí Abdulmujeeb, kò ní sọ ọ́ fún ọ. Owó tèmi, fi ránṣẹ́ sí Haneefah. Mo ti sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì mi fún un kí èmi má bàa gbàgbé rẹ̀, ọmọ ilé ire ni. N óò fi díẹ̀ ra ẹran fún ìyá rẹ, bóyá yóò yọ ògiri kúrò láàárín wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbi tí ojú ti tì mí. Kí ohun tí o bá ń wò máa hàn sí ọ. Kí ọmọ tirẹ náà rí ohun tí ìwọ kò rí, kí o sì lè yọ̀ fún un. Àmín.

Mo ní kí Abdulmujeeb kọ́kọ́ fún ọ ní ìwé yìí, kí ó sì dúró síta títí o ó fi kà á tán. Awò rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dúró pẹ́ jù, Khairiyyah. Ṣílẹ̀kùn fún un.