Orúkọ Ẹyẹ Tó Ń Forí Sọ Odò Yewa

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi sí yín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà ni mo sì rí fi ẹjọ́ yín sùn.

Ìwé àwòrán ẹyẹ tí mò ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé Ìpókíá ti ń parí lọ. Mo ti ya lékeléke, mo ti ya àwòdì. Ẹyọ kan ló wá fẹ́ sọ mí di wèrè: ẹyẹ abilà dúdú-òun-funfun ẹnu odò, èyí tó máa ń dúró sójú kan lókè, tí yóò máa ju ìyẹ́, kó tó forí sọ omi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bó bá ti yọ, ẹ ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó ti fìlà sẹ́yìn, ẹ ó máa dá rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ yóò fi wọ inú òṣíbàtà.

Bí mo bá gbé kámẹ́rà sójú, yóò lọ. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, yóò dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kúkú rí i yà, ni àwọn onífàyàwọ́ tó ń gbé epo lọ sí Kùtọnu bá dá èmi àti ọlọ́kọ̀ mi dúró. Wọ́n rò pé àwọn ni mò ń yà fún aṣọ́bodè. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, síbẹ̀ wọ́n ní kí n pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́. Mo sunkún ìbínú délé.

Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Mo padà lọ lánàá, mo sì yà á, tòun ti ẹja lẹ́nu.

Ó wá ku orúkọ. Àwọn olùkọ́ ní kí n kọ apẹja. Ẹyẹ etí omi wo ni kì í pẹja? Orúkọ tí ẹ̀yin ń pè é ni mo fẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ọ́ létí mi rí?

Mo bi ìyá tó ń yan ẹja létí omi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo bi bàbá tí ẹ jọ ń dẹ àwọ̀n, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ara ta mí. Mo ní n ò ní í kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá sọ ọ́.

Bàbá, orúkọ mi ni wọ́n ń pe ẹyẹ yẹn. Orúkọ tí ẹ fúnra yín sọ mí! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí mo lọ gbé ní Ìlaròó nítorí iléèwé. Bí ẹyẹ náà bá ti dé lówùúrọ̀, ẹ ó kí i dáadáa, ẹ ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Irú kí leléyìí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ síta níwájú àwọn ọmọdé, láìsunkún? Ṣé ẹ ò lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ni, pé àárò mi ń sọ yín?

Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà ṣá.

Èmi ọmọ yín tí ẹ fẹ́ràn,
mo ti jẹun, Bàbá mi.